Ẹ-Dúró-Ná àti Ẹni Tó Jókòó Sáàárín

Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń parí ọdún ni Ẹ-Dúró-Ná ṣe èyí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ti wọ kóòtù tí kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wà níwájú pátápátá, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà wà lórí itan rẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlá gbáko. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta jáde sí pápá láti ṣeré. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n pa òbìrípo, wọ́n wá mú ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sáàárín, wọ́n dé fìlà pépà lé e lórí. Ara fìlà náà ni wọ́n kọ Ọ̀LẸ sí gàdàgbà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ta ló jókòó sáàárín?"

"Ọ̀lẹ wa ni!"

"Kò lè sáré, kò lè fò."

"Jókòó síbẹ̀, máa wò!"

Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnu àtẹ́wọ́ yẹn ni wọ́n wà tí àga kan fi dún gbì ní ìlà kẹrin, tí obìnrin gíga kan dìde. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta gún mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ bí àmì ẹ̀yẹ ọ̀gá sójà. Ó gba àárín àwọn òbí kọjá, kò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wọ pápá.

"Ẹ dúró ná," ló wí.

Kò pariwo. Kì í pariwo. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn, bó bá ní kí odò dúró, odò náà á kọ́kọ́ rò ó wò.

Àwọn ọmọ dúró gbagidi. Ọ̀gá àgbà rò pé ara obìnrin náà ni kò yá, ó ní kí wọ́n tètè bu omi wá. Ẹ-Dúró-Ná kò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Ó ṣí fìlà kúrò lórí ọmọ náà, ó ká a sí mẹ́rin bí ẹni ń ká aṣọ tí wọn ò tíì gé, ó fi sínú àpò. (Nígbà tó délé, ó gé pépà náà, ó sọ ọ́ di àwòṣe kọ́là. Ọdún méjì gbáko ni gbogbo ọmọ kíláàsì kẹta fi wọ kọ́là tí wọ́n fi fìlà ọ̀lẹ gé, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀.) Ó ní kí ọmọ náà má dìde o, kó jókòó dáadáa, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí àga ọba ló wà yẹn. Ìgbà náà ló wá kọjú sí àwọn tó kù.

"Ta ló kọ́ yín ní ìkọkúkọ yìí?"

Wọ́n jọ nawọ́ sí tíṣà wọn. Tíṣà nawọ́ sí ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tóun náà lè nawọ́ sí. Ó gba omi tí wọ́n bù wá, ó mu ún.

Ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì ló fẹ́ fi ọgbọ́n àgbà parí ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní Màmá, ẹ má bínú, eré ọmọdé lásán ni. Obìnrin náà wò ó bí ó ṣe ń wo etí aṣọ tí wọ́n rán wọ́.

"Ẹ̀yin náà ti ṣọmọdé rí. Nígbà yẹn, ṣé àárín ni wọ́n fi yín sí, àbí ẹ wà lára àwọn tó ń yí?"

Ọkùnrin náà wo ọmọ tó jókòó sáàárín. Ohun tó rántí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìwé rẹ̀ sórí àga, ó wọ pápá, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀gá àgbà mú, ó fi èkejì di ọmọ kan mú, ni wọ́n bá ń yí, kóòtù àti táì, wọ́n ń kọrin bí obìnrin náà ṣe ń dá a fún wọn. Atẹ́gùn fẹ́ ojú ìwé mọ́kànlá náà lọ. Títí dòní, àwọn òbí ń sọ pé kò sí ìparí ọdún tó dùn tó ìyẹn.

Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà mọ́ ọn lára. Aránṣọ ni, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń rán jù, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há débi pé oníbàárà gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó lè ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti obìnrin yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Kì í dúró lójú kan lọ́jà. Ṣe ló ń ká gbogbo ọjà kiri, tó ń wá orí tó wọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìparí ọdún náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìlà kẹfà ló jókòó sí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wà láàárín orúnkún, ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu gbé òun mì. Òun ló ń ta sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́yìn wíńdò kékeré onírin kan tí èèyàn kò ti lè rí ju àyà rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ràn wíńdò náà. Ẹni tó bá wá ra sítáǹbù kò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbẹ, kò ní mọ̀ pé ó ń tiro, àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dúró títí tó máa dé ojú wíńdò. Láti ẹnu ọ̀nà, lójú gbogbo àwọn tó tò, ló ti máa ń kí i pé, "Ọba mi, ṣé o ti jẹun?"

Gbogbo ìlà á yíjú, wọ́n á máa wá ọba. Obìnrin kan tó wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ tiẹ̀ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó tó di pé wọ́n ṣàlàyé fún un.

Kí ẹ má baà rò pé orí Ẹ-Dúró-Ná ni kò pé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, àbúrò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, nígbà tí àìsàn kan wá mú ẹsẹ̀ àbúrò náà, tí kò sì dá a padà. Iwájú ilé wọn ni ilẹ̀ ti tẹ́ jù lójú pópó, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń pa òbìrípo ṣeré. Lọ́sàn-án, wọ́n á máa sáré yíká, wọ́n á máa kọrin. Àbúrò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ilẹ̀kùn mú, á máa wò wọ́n. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ìkà. Wọn ò kàn rántí rẹ̀ ni, ìyẹn sì burú ju ìkà lọ, torí ìkà a máa wo ojú ẹni kó tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, inú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí ru. Ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó la òbìrípo kọjá, ó da garawa kan dé sáàárín, ó gbé e jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti dí wọn lọ́nà. Ó ní kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, ọba ni, eré tí kò lọ́ba kì í ṣe eré. Wọ́n ní kí lọba ń ṣe. Ó ní bí ọba bá ní ká yí, ká yí. Bó bá ní ká dúró, ká dúró. Ẹni tó bá mira lẹ́yìn tí ọba ti sọ̀rọ̀, eré tán fún un. Ó dá orin sí i lójú ẹsẹ̀, kò gba àkókò tí èèyàn fi ń wọ bàtà:

"Ta ló jókòó sáàárín?"

"Ọba wa ni."

"Ta ló ní ká máa yí?"

"Ọba wa ni."

"Ó ní ká yí, a ti yí o, ó ní ká dúró, a dúró."

Àbúrò náà kò gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ yẹn rí. Ó ní kí wọ́n yí, wọ́n yí. Ó ní kí wọ́n dúró, ọmọ mọ́kànlá tí ẹsẹ̀ wọn pé dúró bí òpó, àwọn mìíràn lórí ẹsẹ̀ kan. Adùn rẹ̀ pọ̀ débi pé kò rántí pé ó yẹ kóun tú wọn sílẹ̀. Ìyá wọn ló dé láti ibi iṣẹ́ tó bá ọmọ mọ́kànlá tó ń gbọ̀n lójú pópó, tó ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ọmọ àdúgbò fi ń jà torí ta ni yóò jókòó. Orin kò ní ilẹ̀kùn. Ó kúrò lójú pópó kan bọ́ sí òmíràn, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ kan jáde sí èkejì, ọdún ń gorí ọdún. Níbì kan lójú ọ̀nà, ẹnì kan yí i padà. Ẹ-Dúró-Ná wá ẹni náà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí wọ́n bá ń sáré, ẹni tó bá kẹ́yìn ni wọ́n ń fi sáàárín báyìí, wọn ò pè é lọ́ba mọ́, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Àga yẹn kan náà, òbìrípo yẹn kan náà. Ohun tí wọ́n fi gbé ọmọ dìde, òun ni wọ́n wá fi ń tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe rí? Ẹ wá ní kí inú má bí i.

Inú bí i o. Gbogbo ọmọ tó wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọrin náà nígbà tí téèpù wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ọ̀lẹ," àṣírí tú. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, agbẹ̀bí kan mú ọmọ rẹ̀ wá gba aṣọ. Aṣọ wà lórí ìkọ́, ó ti lọ̀ ọ́, bọ́tìnnì pé. Ẹ-Dúró-Ná kò mú un wá.

"Aṣọ rẹ ti ṣe tán," ó sọ fún ọmọ náà. "Orin rẹ ni kò tíì ṣe tán."

Agbẹ̀bí gbaná jẹ. Ó ní kí ni tòun ti orin, ọ̀la ni wọ́n ń wọlé, ta ló tiẹ̀ sọ pé orin ọmọ òun kò dáa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe kọ ọ́. Ẹ-Dúró-Ná ní ó dáa, kí ìyá náà kọ ọ́ kóun gbọ́. Ìyá kọ ọ́. Ni wọ́n bá gbé bẹ́ǹṣì sí ìta, ìyá àti ọmọ jọ jókòó lé e títí orin fi gún. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún ń pàṣẹ fún àwọn aboyún pé tì í, má tì í, òun náà rí ẹni tó pàṣẹ fún un.

Àbúrò rẹ̀ gan-an kò bọ́. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, yàrá méjì tó kọjú síra. Bí àbúrò bá ń fọ abọ́, tí kò mọ ìgbà tó fi orin náà sẹ́nu, ohùn kan á wá láti yàrá kejì pé, "Dúró ná. Ọba kì í dá orin. Wọ́n máa ń dá a fún un ni." Àbúrò á pa ẹnu dé, á máa bá abọ́ lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi jẹ́ ọba, kò dá orin ìjọba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìbínú Ẹ-Dúró-Ná tó tóbi jù ni ti ìwé. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì kó àwọn eré ọmọdé jọ, ó tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìwé náà gbà kọjá, àbúrò rí i, ó kà á, ó fi í pamọ́ sábẹ́ káńtà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà rí i. Ọjọ́ kẹta, agbẹ̀bí yẹn kan náà gbé ẹ̀dà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ̀rín sẹ́nu. Ẹ-Dúró-Ná fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, torí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà mọ, ó sì kà á dé ibi tí wọ́n ti sọ pé eré àtayébáyé ni, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ bá tíṣà náà ní pálọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí?"

Tíṣà ní kó jọ̀ọ́ jókòó. Ẹ-Dúró-Ná ní orí ìdúró ló tẹ́ òun lọ́rùn. Ó la ẹnu, ó ní kí tíṣà wo eyín òun dáadáa, kó sọ bóyá eyín àtayébáyé nìyẹn. Onísùúrù èèyàn ni tíṣà náà. Ó ṣàlàyé fún un pé eré ọmọdé dà bí atẹ́gùn, kò ní ẹni tó ni ín, pé ìyá arúgbó kan wà ní ìlú kan tí ọkọ̀ ń fi wákàtí mẹ́fà dé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun gan-an ló kọrin náà fóun, ó ní àwọn ń ṣe é nígbà tóun wà lọ́mọdé. "Wọ́n fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jù yín lọ, mà," ló wí jẹ́jẹ́.

Ẹ-Dúró-Ná yíjú, ó jáde. Ó lọ sílé, ó di báàgì, ó ní kí àbúrò òun gba àyè níbi iṣẹ́. Àbúrò bi í pé kí ló kan òun nínú ìrìn àjò náà. Ó ní ẹni tó bá ń lọ síbi ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí dání.

Wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀, ẹ̀rí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro ó. Ìyá arúgbó náà wà níwájú ilé, ó ń ká aṣọ tó gbẹ. Ó gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, torí kò sí ẹni tó tún ń wá kí i, ó sì kọrin náà fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ìlọ rẹ̀, ìbọ̀ rẹ̀, ibi tí ó ti ń gòkè àti ibi tí ó ti ń sọ̀. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí i kí èjìká obìnrin yẹn wálẹ̀ rí. Ọjọ́ náà ló rí i.

Ẹ-Dúró-Ná sún mọ́ ìyá náà. Ó ní, ẹni tó jókòó sáàárín ńkọ́, kí lẹ̀yin ń pè é?

"Jókòó bí i ti báwo?" ìyá arúgbó ní. "Kò sẹ́ni tó ń jókòó. Gbogbo wa là ń yí títí a ó fi ṣubú. Ẹni tí kò bá lè sá, ilé ló ń wà."

Ẹ-Dúró-Ná mi orí. Ó bá ìyá náà ká aṣọ tó kù, ó rán bọ́tìnnì kan tó já fún un, ó dúpẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, wíńdò ló kọjú sí.

"Orin náà lè jẹ́ tiwọn," ló ní. "Àga ni tèmi."

Ó kọ lẹ́tà sí tíṣà, àbúrò rẹ̀ ló lu sítáǹbù sí i. Ó ní kí tíṣà kọ ọ́ pé orin ti wà tẹ́lẹ̀, òun gbà. Kó kọ ọ́ pé ẹnì kan ló gbé àga sáàárín, kó sì sọ ìdí tí ẹni náà fi gbé e síbẹ̀. Bí kò bá fẹ́, kó má kọ orúkọ òun. Kó ṣáà ti kọ àga. Tíṣà fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun máa rò ó wò bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀. Wọn ò tún un tẹ̀. Ẹ-Dúró-Ná kan èsì náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò.

Ẹ̀yìn èyí ni ọjọ́ ìparí ọdún tí a kọ́kọ́ sọ, àti fìlà pépà. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ohun tó ti wà nínú àbúrò láti ọjọ́ pípẹ́ já jáde. Kò jókòó. Orí ìdúró ló ti sọ ọ́, lórí ẹsẹ̀ kan àti ọ̀pá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bẹ̀ yín. Ẹ ti sọ mí di orin. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò."

Ẹ-Dúró-Ná ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó tàsé ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òun tí kì í tàsé.

"O máa ń di òpó ilẹ̀kùn mú," ló ní níkẹyìn. "Ìwọ ń wò wọ́n, èmi ń wò ọ́. Mi ò lè máa wò ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Mo ti dàgbà."

"Ọmọ tí wọ́n dé ní fìlà lónìí ńkọ́? Òun náà ti dàgbà?"

Àbúrò yí ọ̀pá rẹ̀ padà. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá oúnjẹ lórí tábìlì, wọ́n fi abọ́ dé e, abẹ́ abọ́ sì ni ìwé pélébé kan wà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ kọ: Ọba mi, jẹun kó tó tutù. Inú ṣì ń bí i. Ó jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìbínú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èémí Ẹ-Dúró-Ná bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé aṣọ ló fún òun. Ó tú ẹ̀gbẹ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó gbòòrò wọn. Nígbà tí aṣọ gbòòrò tán tí èémí ṣì kúrú, ó gbà kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun sí abẹ́ wíńdò. Ìta ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, orin náà gba ojú wíńdò wọlé, ọ̀lẹ wa ni, ọ̀lẹ wa ni. Ó gbìyànjú kó dìde, ara kọ̀.

"Ọba mi, lọ bá mi sọ fún wọn."

Àbúrò mú ọ̀pá, ó jáde. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n wò ó láti ojú dé ẹsẹ̀, ojú wọn sì dúró síbi ẹsẹ̀. Ohun tó rí sọ ni pé ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn wà nínú ilé, ẹ rọra pariwo. Ó wọlé padà, ó ní, "Mo ti sọ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́tí. Láti ìta, orin náà tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni ń gbàdúrà: ọ̀lẹ wa ni, ọ̀lẹ wa ni.

"Ó dáa," Ẹ-Dúró-Ná ní. "Ẹ̀kọ́ díẹ̀ ti wọ̀ wọ́n." Ó pa ojú dé, ẹ̀rín díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, àbúrò kò bi í. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, téèpù wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀ torí wọ́n rántí ojú ìwé mọ́kànlá. Kò mú ìwé kankan wá. Ó ní ọdún méjì lòun fi jókòó sáàárín nígbà tóun wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó sọ fún òun pé àga ọba ni, títí di ọjọ́ tí aránṣọ kan mú òun wọ pápá. Ó lọ jókòó. Agbẹ̀bí bú sẹ́kún, ó ní aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ òun lónìí, orin lòun fi gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń gbà. Àwọn ọmọ ti pa òbìrípo kí aago tó lù, wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọ ọ́. Ọmọ kan wà láàárín, ó ká orúnkún, ó ti ki ẹnu bọ kọ́là aṣọ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Àbúrò mọ kọ́là náà. Ó kọjá lọ, bó ṣe ti ń kọjá lọ látọdún mọ́dún. Ó dé ìpẹ̀kun ọgbà. "Mo ti sọ fún wọn" tó pa nírọ́ ń gún un lọ́kàn bí òkúta inú bàtà. Ó dúró. Inú ń bí i. Kò mọ ìgbà tó ti ń bí i. Ó lè jẹ́ láti ọmọ ọdún márùn-ún. Ó yí ọ̀pá padà, ó gba ẹnu géètì wọlé.

"Ẹ dúró ná," ló wí.

Kò mọ̀ pé ohùn yẹn wà lọ́fun òun. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n sin ẹni tó ni ín sí. Ìdajì wọn fọ́n ká, méjì gun ògiri, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà oúnjẹ torí àdúrà kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n rí i pé obìnrin onísítáǹbù ni, wọ́n ń yọ́ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní kí ọmọ àárín sún díẹ̀ fóun. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó fi ọwọ́ tilẹ̀, ó fi orúnkún kan tilẹ̀, ó jókòó sínú eruku pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí tó dáa àti èyí tó gbẹ. Bóun ṣe máa dìde, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó sọ fún wọn pé ẹni tó bá jókòó lọba, ọba méjì ló wà lónìí. Bí ọba bá ní kí wọ́n yí, kí wọ́n yí. Bó bá ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n dúró. Ó ní kí wọ́n di ọwọ́ mú.

Wọ́n di ọwọ́ mú. Ọmọ kan béèrè pé ta ló máa dá orin.

Àbúrò wo ẹ̀yìn. Ibi tí ẹni tó ń dá a máa ń dúró sí ṣófo. Ó la ẹnu, ó dá a:

"Ta ló jókòó sáàárín?"

Ó gbé e ga jù. Òun náà gbọ́ ọ. Ó dákẹ́, ó ń retí kí ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ pé dúró ná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, tún un dá. Àwọn ọmọ bá a dákẹ́, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń retí. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ọmọ tó jókòó tì í yọ kọ́là kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ọba wa ni," àwọn tó kù gbà á, òbìrípo bẹ̀rẹ̀ sí í yí, orin náà sì lọ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ga jù yẹn.